Ẹ Bi Wá: Ibi tí a ti lè fẹsẹ̀ rìn kí a sì jókòó wòran, ní Àbújá àti lókè Ọya

Lẹ́tà tó pọ̀ jù tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ilé, kì í sì í ṣe ti iná mànàmáná. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lókè Ọya ló ń bèèrè ibi tí wọ́n ti lè na ẹsẹ̀, kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n máa wo èrò tó ń lọ tó ń bọ̀. A fa díẹ̀ yọ nínú wọn. Àwọn tó bá wa dáhùn mọ ìlú wọ̀nyí bí ẹni mowó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà ní Gwarinpa. Nílé, bí ilé bá sú mi, mo lè rìn lọ sí Dùgbẹ̀, kí n wá ibòòji kan jókòó sí, kí n máa wo ayé. Níbí, bí mo rìn títí, ògiri àti géètì ni mò ń rí, mọ́tò á sì máa fẹ́ eruku sí mi lára. Ṣé ìlú yìí ò ní ibi ìwòran ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n? — Ọmọ Ìbàdàn, Gwarinpa

ÌDÁHÙN: Ẹ̀bi yín kọ́. Àbújá kì í ṣe ìlú tó ti ẹ̀gbẹ́ ọjà àti ààfin dàgbà. Òfin ìjọba ológun ló dá a sílẹ̀ ní 1976, iléeṣẹ́ International Planning Associates ló ya àwòrán rẹ̀ tó jáde ní 1979, ìjọba sì kó kúrò ní Èkó wá síbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991. Àwòrán yẹn pín ìlú sí àdúgbò-àdúgbò, ó sì fi títì márosẹ̀ pààlà sáàárín wọn. Nínú àdúgbò, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn. Láti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn, ọkọ̀ ni àwọn tó ya àwòrán náà ní lọ́kàn. Ẹni tó bá gbéra ní Gwarinpa tó ní òun ń fẹsẹ̀ lọ sí Jabi, etí títì márosẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀, níbi tí kò sí ìsọ̀, tí kò sí ibòòji, tí kò sí ẹni tí wọn yóò jọ kí ara wọn.

Torí náà, ẹ wọkọ̀ lọ síbi tí èrò wà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ibi tí èèyàn ti ń ṣe nǹkan sì ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ "ibi ìgbafẹ́" sí lára. Ọgbà ìgbafẹ́ Àbújá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ẹyẹ àti ẹni tó ń gbálẹ̀ lẹ ó bá níbẹ̀.

Ọjà Wuse, tó wà ní Zone 5, la ó kọ́kọ́ dárúkọ. Láti Gwarinpa, ọkọ̀ Berger ni kí ẹ wọ̀, láti ibẹ̀ sí ọjà kò jìnnà mọ́. Ìran ibẹ̀ kò sí láàárín ọjà, ẹnu géètì ló wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin tó ń ti bárò ti máa ń dúró de ẹrù, ibẹ̀ ni àwọn tó ń fa oníbàárà ti ń pariwo jíìnsì àti bàtà, ibẹ̀ náà ni ìyàwó ọ̀gá ti ń sọ̀ nínú jíìpù, tí yóò kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná tòmátò, kí ojúlùmọ̀ má baà gbọ́ iye tó dá. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni èrò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ ò ní ríbi jókòó. Nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ la fara mọ́: oòrùn ti rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti ń yà láti ra nǹkan ọbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ lọ lọ́jọ́ Àìkú, ìsọ̀ máa ń tì.

Ohun tó máa ń bá àlejò níbẹ̀ ni pé bó bá dúró sójú kan ní ọwọ́ òfo, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, àwọn tó ń fa oníbàárà á ti yí i ká. Owó díẹ̀ tí onísọ̀ ń fún wọn lórí ọjà tí wọ́n bá bá a tà ni wọ́n fi ń jẹun, ẹni tó bá sì dúró, oníbàárà tí kò tíì pinnu ni lójú wọn. Ẹ ra omi tàbí zobo lọ́wọ́ ẹni tó ní bẹ́ǹṣì, kí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Láti ìgbà náà, oníbàárà ẹlòmíì ni yín, wọn yóò fi yín sílẹ̀. Bí ìgò yẹn bá tán tí ẹ ṣì fẹ́ jókòó, ẹ ra òmíràn, nítorí bẹ́ǹṣì yẹn lòun náà fi ń ṣòwò. Nǹkan kejì: bí ẹ bá rí i tí àwọn tó ń kiri ọjà ṣàdédé gbé igbá wọn tí wọ́n ki eré mọ́lẹ̀, àwọn agbófinró ló ń bọ̀ láti lé wọn kúrò lójú títì. Ẹ má bá wọn sá, ẹ má sì dúró sójú ọ̀nà wọn. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri títí tí yóò fi lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn Wuse, ẹ lọ sí Wuse 2, láti Banex gba Aminu Kano Crescent. Àwọn tó ń ta fóònù àtàwọn tó ń tún un ṣe ló kún ibẹ̀, ọ̀dọ́ ni wọ́n, ẹnu wọn sì dá ṣáṣá. Ilé oúnjẹ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ló dára jù láti wò wọ́n. Kí fóònù tiyín wà lápò iwájú o, ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù ni fóònù ti ń tètè pòórá. Garki Area 1 wà fún ẹni tó bá fẹ́ràn gáréèjì àti ariwo àgbèrò, ṣùgbọ́n kò sí ibi ìjókòó gidi níbẹ̀, ẹ má retí ju ìdajì wákàtí lọ.

Níbikíbi tí ẹ bá ti ní láti sọdá títì márosẹ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni o. Ẹ ó rí àwọn tó ń fo irin àárín títì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Awakọ̀ tó ń ti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ já sí títì ńlá, ẹ̀yìn ló ń wò nínú díńgí, kì í wo iwájú níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ: Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn nìkan ni mo máa ń ráyè. Ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni mo máa ń kó dání. Ṣé Jabi Lake ni kí n lọ ni àbí Millennium Park? Mo fẹ́ kí èmi náà jókòó wo èèyàn, kì í ṣe kí n máa sáré lé ọmọ kiri. — Ìyá Ìbejì, Lugbe

ÌDÁHÙN: Jabi ni, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà kọjá díẹ̀. Òun nìkan ni ibi ìgbafẹ́ ní Àbújá tí èrò máa ń kún gan-an bí ọjà, ọjọ́ Àìkú sì ni ọjọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gẹṣin, àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ kan náà wá ya fọ́tò ọjọ́ ìbí, àwọn tọkọtaya tó ń bínú síra wọn tí wọ́n sì ń díbọ́n pé àwọn ò bínú, gbogbo wọn ni yóò gba iwájú yín kọjá. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání fún géètì àti fún ìjókòó, nítorí oríṣiríṣi èèyàn ló ń bójú tó etí omi náà, olúkúlùkù ló sì ní owó tirẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó jókòó bóyá àga jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ra nǹkan mímu.

Ibi tí ẹ bá fi àga yín sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjú sí omi. Ẹni tó bá kọjú sí omi, omi ló ń wò. Ẹ gbé àga yín kí ó kọjú sí ọ̀nà tí èrò ń gbà, kí ẹ̀yin alára wà láàárín àwọn ọmọ àti etí omi. Báyìí, ọmọ tó bá fẹ́ sá lọ sódò á ní láti gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ẹ ò sì ní máa yíjú padà ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ gun ẹṣin, ẹ dúnàá dúrà kí wọ́n tó gbé wọn gùn, kí ẹ sọ ibi tí ẹṣin yóò dé tí yóò fi padà. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì gbọ́dọ̀ wà fún ọmọdé, kó sì bá wọn mu. Ti àgbàlagbà máa ń bọ́ lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́fà, bí kò bá sí èyí tó kéré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́.

Millennium Park tóbi, hẹ́kítà 32 ni, odò kan sì là á sí méjì. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá 2003. Ó dára fún ìdílé tó fẹ́ tẹ́ ẹní sórí koríko jẹun. Fún wíwo èèyàn, ó gbòòrò jù: àwọn tí ẹ fẹ́ wò wà lọ́ọ̀ọ́kán, kálukú lábẹ́ igi tirẹ̀.

Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀fọn nìkan kọ́ la ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Àwọn tí wọ́n ń pè ní one chance, tí wọ́n ń fi takisí jalè, ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú tí èrò ń du ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọkọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ létí títì. Bí ẹ bá bá ọkùnrin mẹ́ta tó ti jókòó nínú mọ́tò kékeré kan tí wọ́n ní ẹni kan ló kù, tí wọ́n fẹ́ fi yín sáàárín, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ wo ìlẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé: ṣé irin ìṣílẹ̀kùn wà nínú, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Bí kò bá sí, ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá pe ọkọ̀ lórí fóònù, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ pẹ̀lú èyí tó wà lójú fóònù kí àwọn ọmọ tó wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti mú wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Kubwa nítorí eékún tó ń dà wọ́n láàmú. Wọn ò gbọ́ Haúsá, ilé sì ti ń sú wọn. Ibo la lè gbé wọn lọ? — Àbíkẹ́, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí Bàbá o. Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ìran. Bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn máa ń kó ìrora bá àgbàlagbà kí ìdajì wákàtí tó pé, èyí tó bá sì kéré nílẹ̀, eékún Bàbá ò ní gbé wọn dìde lórí rẹ̀. Àga oníke tó ní apá méjèèjì ni kí ẹ gbé sínú ọkọ̀, ẹ má gbọ́kàn lé ti onísọ̀. Ẹ tún wo ibòòji: bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, apá ìlà-oòrùn ilé ni ibòòji máa ń wà, yóò sì máa gùn sí i. Abẹ́ igi tí òjìji rẹ̀ bo yín ní aago mẹ́ta lè fi yín sílẹ̀ fún oòrùn kó tó di mẹ́rin.

Ibi méjì la rò fún wọn. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbẹ́ ọjà Kubwa, nítòsí àwọn tó ń ta ẹ̀lùbọ́, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni Bàbá yóò ti gbọ́ Yorùbá, tí wọn yóò sì rí ẹni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní kí Bàbá máa wo àwọn ìyá Gbagyi dáadáa, àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó dé. Wọn kì í ru ẹrù sórí bíi tiwa, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Ìdì igi ìdáná ńlá lórí èjìká kan, ọwọ́ kan dì í mú, ọrùn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò sì yà. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan á fẹ́ tún un rí.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ìdí mai shai, ọkùnrin Haúsá tó ń ta tíì ní ìkòríta láàárọ̀ kùtù àti láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Ó kéré tán, ọ̀kan wà nítòsí ilé yín, ẹ lè ríbi rìn dé. Tábìlì kan ni, agolo mílíìkì tò lé ara wọn lórí rẹ̀, búrẹ́dì, ẹyin àti indomie wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́túlù ń hó lórí èédú. Yóò da tíì sínú ife kan, yóò gbé ife náà sókè, yóò dà á sínú èkejì láti òkè wá sísàlẹ̀, yóò tún dà á padà, títí yóò fi hó yeye lójú. Àwọn awakọ̀, ọlọ́dẹ, ọmọ ilé ìwé, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lé jáde, gbogbo wọn ló ń jókòó síbẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lóhùn òkè. Ṣúgà àti mílíìkì ibẹ̀ pọ̀ jọjọ o. Bí Bàbá bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ sọ pé "ba sukari", ìyẹn ni pé kó má fi sí i rárá, tàbí "sukari kaɗan" bí wọ́n bá gbà wọ́n láyè fún díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kó tó pò ó, nítorí ṣúgà ló ń kọ́kọ́ lọ sínú ife.

Bí ojú ilé bá ń ro Bàbá jù, ẹ gbé wọn dé gáréèjì Utako tàbí Jabi láàárọ̀, láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ, nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń gbé èrò. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má bá wọn lọ.

ÌBÉÈRÈ: Àgùnbánirọ̀ ni mí, Kánò ni wọ́n gbé mi lọ, Sabon Gari ni mo sì ń gbé. Àwọn ará ilé ní aṣálẹ̀ ni. Mo fẹ́ mọ ìlú náà nípa fífi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n oòrùn ń bà mí lẹ́rù. Obìnrin ni mí. — Tóyìn, Kánò

ÌDÁHÙN: Aṣálẹ̀ kọ́ ni Kánò. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án, Sàhárà ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger. Ṣùgbọ́n oṣù tó kù, gbígbẹ ni ilẹ̀ ń gbẹ, nígbà ọyẹ́ sì ni eruku máa ń bo oòrùn. Ìrìn yín gbọ́dọ̀ bá aago lọ: láti aago méje ààbọ̀ sí mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, tàbí láti aago mẹ́rin ààbọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Màgàríbà. Láàárín wọn, ẹ wá abẹ́ òrùlé jókòó, ohun tí àwọn ará ìlú náà ń ṣe nìyẹn. Omi ìgò 75cl méjì fún òwúrọ̀ kan, fìlà tàbí ìborùn, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti òrí fún ètè nígbà ọyẹ́.

Ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi ló yẹ fún ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Láti Sabon Gari, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí wọ́n ń pè ní a daidaita sahu níbẹ̀, kó gbé yín dé Kofar Mata. Nínú ẹnubodè yẹn ni àwọn kòtò aró wà, tí wọ́n ní wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró níbẹ̀ láti 1498. Ẹ jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa obìnrin ló ni aró. Níbẹ̀, ọkùnrin ni: yóò jókòó sí etí kòtò, yóò ki aṣọ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, yóò fà á jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn yóò fẹ́ sí i, ẹ ó sì máa wò ó lójú yín tí ó ń di búlúù. Nítòsí wọn làwọn tó ń fi òòlù igi lu aṣọ títí yóò fi máa dán. Àwọn ọmọkùnrin kan á ní àwọn fẹ́ mú yín káàkiri. Bí ẹ bá gbà, ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹsẹ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé agbègbè ààfin Emir, tí wọ́n ń pè ní Gidan Rumfa, nítorí Ọba Muhammadu Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499, ló kọ́ ọ. Ilé àwọn ohun àtijọ́ Gidan Makama wà níwájú ibẹ̀, ó ní ibòòji, ó sì dára láti sinmi. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà, ẹ tẹ̀síwájú sí ọjà Kurmi, tí Rumfa kan náà dá sílẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ẹ rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má dúró láàárín, nítorí ẹni tó ru ẹrù kì í lè dúró lójijì.

Ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí dakali, pèpéle amọ̀ tó wà níwájú ilé, tàbí lábẹ́ igi, nírọ̀lẹ́. Majalisa ni wọ́n ń pe ìjókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn náà, èrò ni wọ́n ń wò, ẹ̀yin gan-an sì ni ìran wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ kí wọn, "Barka da yamma", kí ẹ máa lọ. Obìnrin kì í jókòó síbẹ̀. Ibi tó yẹ yín láti jókòó pẹ́ ni ọjà aṣọ Kantin Kwari, nítorí àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀ tó wá ra àńkárá àti léèsì, onísọ̀ tí ẹ bá bá ná aṣọ á sì fún yín ní àpótí jókòó láìjẹ́ pé ẹ tọrọ rẹ̀. Aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, ìborùn lórí, ó parí. Nínú oṣù Ramadan, ẹ má jẹun, ẹ má mu omi níta lọ́sàn-án, bí ẹ kò tilẹ̀ gbààwẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, láti nǹkan bí aago kan ọ̀sán, gbogbo ọ̀nà tó yí mọ́sáláṣí ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ká á ti kún fún àwọn tó ń kírun. Ẹ wà ní ipò kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má gba àárín wọn kọjá. Ní ti hawan, àgẹṣinyan ọjọ́ iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀ tí UNESCO kọ sínú ìwé àṣà àjogúnbá aráyé ní oṣù kejìlá 2024, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ará ìlú kí ẹ tó múra, nítorí ọlọ́pàá fòfin dè é ní 2024 àti ní 2025.

ÌBÉÈRÈ: Màídúgùrí ni mo wà, àbúrò mi wà ní Sókótó. Ó ní ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lòun máa ń jáde lọ wòran. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn. Ṣé irọ́ ló ń pa ni? — Alájọṣe, Màídúgùrí

ÌDÁHÙN: Kò parọ́. Aago kan náà ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n Màídúgùrí jìnnà sí ìlà-oòrùn ju Sókótó lọ débi pé oòrùn tiyín ń yọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń wọ̀. Bí òun bá jáde ní aago mẹ́fà, ẹ̀yin ẹ jáde ní márùn-ún ààbọ̀. Ẹ̀yin lẹ tún jèrè: igi dóńgóyárò tí wọ́n gbìn sí etí títì yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má lóǹkà, ẹ lè rìn láti ibòòji dé ibòòji. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni kí ẹ bẹ̀rù jù ní ìlú méjèèjì, nígbà tí ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè ya fọ́tò àwọn tí mò ń wò? — Kọ́lá, Karu

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ tọrọ. "Don Allah, zan iya ɗaukar hoto?" ni Haúsá rẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ sọ fóònù sápò pátápátá, ẹ má kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ má tọrọ lọ́wọ́ obìnrin tí ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkí ọkùnrin náà. Ṣọ́jà, ọlọ́pàá, ibi àyẹ̀wò ọkọ̀, iléeṣẹ́ ìjọba àti afárá: kò sí nínú ohun tí à ń yà, bó ti wù kí ó rẹwà tó. Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ yín, pípa fọ́tò yẹn rẹ́ níwájú wọn láìjiyàn ló ń tètè parí ọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Télọ̀ ni mí, ní Nyanya. Àwọn oníbàárà mi ń fẹ́ àrà tó wà nígbòro, èmi ò sì fẹ́ máa wo ti orí fóònù tí gbogbo èèyàn ti rán tán. Ibo ni mo ti lè jókòó wo aṣọ? — Aránṣọ, Nyanya

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí dùn mọ́ wa. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ yín, Federal Secretariat tó wà ní Shehu Shagari Way, nítòsí Eagle Square, sì ni ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ súùtì láti ọjọ́ Ajé, aṣọ ìbílẹ̀ ló máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ ń parí ní aago mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọ́n ti máa ń tú jáde ṣáájú ìgbà yẹn lọ́jọ́ náà. Ẹ wà níta, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀pà àti ọsàn nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, láti nǹkan bí aago mẹ́ta. Ẹ má sún mọ́ géètì, àwọn ẹ̀ṣọ́ á bi yín ní ẹni tí ẹ wá rí.

Ẹ tún lè ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: Mọ́sáláṣí Àpapọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń tú jáde ní ìrun Jímọ̀, nǹkan bí aago méjì. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí babban riga tí wọ́n fi ọwọ́ kọ iṣẹ́ sí láyà, fìlà zanna ti àwọn ará Borno, àti sẹ́nátọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti dín gígùn rẹ̀ kù dé òkè eékún. Ti obìnrin, ẹ dúró di ọjọ́ Àìkú, ní ìta National Christian Centre, nígbà tí ìsìn bá parí.

Ìwé kékeré àti pẹ́ńsù lẹ ó mú lọ, ẹ fi fóònù sílẹ̀. Fóònù tí ẹ bá gbé sókè á jẹ́ kí ẹni náà fi ọwọ́ bo ọrùn aṣọ tí ẹ fẹ́ wò gan-an. Lára ẹni kan, ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo: ọrùn, tàbí ọwọ́, tàbí etí ìsàlẹ̀, nítorí kò ní dúró tó kí ẹ ya gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ irú aṣọ tó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, nítorí ọwọ́ aṣọ tó nà sókè lára léèsì líle kò ní nà bẹ́ẹ̀ lára ṣífọ́ọ̀nù. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú bí wọ́n bá ti kọjá. Iwájú aṣọ lọ̀pọ̀ télọ̀ ń wò, ẹ̀yìn ni síìpù máa ń tẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti mọ ohun tí oníbàárà ẹlòmíì ń fara dà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé ọjọ́ tí owó oṣù wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nígbà tí aṣọ tuntun pọ̀ jù.